Omi Àlejò ní Ìrẹ̀mọ

Gbogbo agboolé tí mo ń gbé ní Ìrẹ̀mọ ní Ifẹ̀ ló gbà pé ará Kútọnu ni mí. Bẹ́ẹ̀, n kò tíì dé Kútọnu ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nígbà náà. Kétu ni wọ́n bí mi sí, Kétu ni mo dàgbà sí, Yorùbá sì ni a ń sọ nílé wa láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti la ẹnu, tí ohùn Kétu bá jáde, àwọn ọmọ agboolé á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Tíṣà Kútọnu ti dé o." Ó kọ́kọ́ máa ń bí mi nínú. Nígbà tó yá, mo rí i pé bí mo bá ní kí n máa bínú sí gbogbo ọmọdé Ìrẹ̀mọ, n kò ní ráyè jẹun. Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi wá sí Ifẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ń kó ọjà gba Ìmẹ̀kọ wọ Nàìjíríà ló gbọ́, òun ló wá sọ fún wa. Ọkọ mi ti kú ní ọdún tó ṣáájú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì. Ìyá mi ní kí n máa lọ, kí n fi ọmọ sílẹ̀ fún òun, pé bí mo bá ti rílé, tí ara mi bá ti balẹ̀, òun á mú un wá fún mi. Mo ní ọdún kan péré ni. Ọdún kan di méjì, méjì di márùn-ún.

Kì í ṣe pé n kò fẹ́ ọmọ mi. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní, owó oṣù kì í dé lásìkò, bí epo bá sì ti wọ́n, owó ọkọ̀ á di ohun tí apá mi ò ká. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́: ẹ̀rù tún ń bà mí pé ọmọ náà kò ní fẹ́ tẹ̀ lé mi. Bí mo bá lọ sílé fún ọdún Iléyá, "Tátà" ló máa ń pè mí, bí àwọn ọmọ ọ̀hún ṣe máa ń pe àǹtí wọn. Ìyá mi ló ń pè ní ìyá. Màá rẹ́rìn-ín, màá dáhùn. Inú mi á sì bàjẹ́ títí màá fi padà dé Ifẹ̀.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí ọmọ náà pé méje, yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ṣófo, mo sì gbà á. Mo kọ lẹ́tà sí ìyá mi pé ilé ti wà. Ìyá mi kò mọ̀wé, ẹnì kan ló bá a kọ èsì. Lẹ́tà náà kò gùn. "Mò ń mú ọmọ bọ̀ nígbà ọyẹ́. Màá wo ibi tí o ń gbé. Bí ó bá ṣeé fi ọmọ sí, màá fi í sílẹ̀. Bí kò bá ṣeé fi sí, àwa méjèèjì la jọ máa padà, o kò sì ní bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ ìyá mi. Bó bá ti sọ ọ́ báyìí, ó parí náà nìyẹn.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Mo kun ògiri yàrá méjèèjì, mo so kọ́tìnnì tuntun, mo ra fóòmù kékeré kan. Káfíńtà bá mi kan tábìlì àti àga tí ọmọ máa fi kàwé. Mo tiẹ̀ rán aṣọ ilé ìwé sílẹ̀ dè é. Gbogbo ìyẹn rọrùn. Omi ni kò rọrùn. Ẹ̀rọ omi ìjọba kò sun mọ́ láti oṣù mélòó kan, kànga agboolé wa sì ń fà lọ sísàlẹ̀ nítorí ọyẹ́. Bí a bá fa omi inú rẹ̀, pupa ló máa ń yọ. Álọ́ọ̀mù la máa ń fi sí i kó lè tòrò, bẹ́ẹ̀ kì í tòrò tán. Ó ti mọ́ àwa lára. Ṣùgbọ́n kí ìyá mi ti Kétu dé, kí n gbé omi pupa fún un nínú kọ́ọ̀pù, kí ó wo omi, kí ó wo ojú ọmọ, kí ó ní ibi tí mo fẹ́ kí ọmọ òun máa gbé rèé? Láéláé.

Ìyá onílé wa fẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá mi lọ́jọ́ orí. Ọmọ Ifẹ̀ pọ́ńbélé ni, opó sì ni. Yàrá tó kọjú sí àbáwọlé ló ń gbé, kò sí ẹni tó wọlé tàbí tó jáde tí kò rí. Tirẹ̀ ni fìríìjì kan ṣoṣo tó wà nínú agboolé náà. Nígbà tó gbọ́ pé ìyá mi ń bọ̀, ó ní, "Tíṣà, èmi ni màá bu omi fún wọn o, kí wọ́n tó jókòó."

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu omi kankan. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni kí ẹ bá mi gbé fún wọn. Mo ti ra kéréètì kan, ẹ sáà bá mi kó o sí fìríìjì."

Ó wò mí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Èèyàn tó ti Kétu wọkọ̀ dé Ìmẹ̀kọ, tó wọkọ̀ dé Abẹ́òkúta, tó wọ̀ ọ́ dé Ìbàdàn kí ó tó wá kan Ifẹ̀, nǹkan dídùn tó tutù ló yẹ ká fi pàdé rẹ̀. Lójú tèmi, mo ń bọlá fún ìyá mi.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dé, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Eruku ọ̀nà ti sọ orí ìyá mi di funfun. Ó gbé àpò ńlá kan tí wọ́n fi okùn so lẹ́nu, ọmọ mi sì di ìró rẹ̀ mú. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá mi, mo fa ọmọ mọ́ra. Ó jẹ́ kí n fa òun mọ́ra. Ó ní, "Ẹ kú ilé, Tátà," ó sì padà sẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀.

Ìyá mi jókòó sórí àga, ó gbé àpò náà sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá onílé wọlé pẹ̀lú ìgò méjì, ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ìyá tíṣà." Ìyá mi dúpẹ́, ó gba ìgò, ó gbé e sílẹ̀. Ojú ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Mo rò pé kọ́tìnnì mi ló ń wò, inú mi sì ń dùn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó dìde, ó mú bútà nínú ẹrù rẹ̀, ó béèrè ibi tí àmù wà, ó lọ ṣe àlùwàlá. Mo fẹ́ gba bútà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fún mi. Ìgò náà wà níbi tó gbé e sí títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ní ọjọ́ kejì, a sọ̀rọ̀ ọyẹ́, a sọ̀rọ̀ àgbàdo, a sọ ẹni tó bímọ àti ẹni tó kú ní Kétu. Kò sọ ọ̀rọ̀ ọmọ. Bó bá fẹ́ mú nǹkan nínú àpò, á tú okùn rẹ̀ díẹ̀, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á tún un so. Mo wọ aṣọ ilé ìwé fún ọmọ náà, kò lè mí nínú rẹ̀. Ìwọ̀n Iléyá tó kọjá ni mo fi rán an, mi ò rò ó pé ọmọ ń dàgbà nígbà tí n kò sí níbẹ̀. Ìyá mi wo bọ́tìnnì tí kò pàdé ihò rẹ̀. Ó ní, "Aṣọ yìí dáa," ó sì yíjú sí ibòmíràn. Ó sàn kó bú mi.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n kò lè pa á mọ́ra mọ́. Èmi náà kì í ṣe onísùúrù, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo sì ti jogún rẹ̀.

"Ìyá, ẹ sọ̀rọ̀ o. Kí ni kò dáa níbí? Ẹ wo ògiri, ẹ wo tábìlì, ẹ wo fóòmù."

"Tábìlì dáa. Mo ti rí i."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò tíì sọ ohun tí ẹ bá wá?"

Ó yí ojú sí mi. "Ta ló bi mí? Láti ọjọ́ Àìkú tí mo ti wọ ilé yìí, ta ló fún mi lómi?"

Nílé wa ní Kétu, bí ẹsẹ̀ àlejò bá ti kan ẹnu ọ̀nà, omi ni. Onílé á bù ú, á tọ́ ọ wò níwájú àlejò kí ọkàn tiẹ̀ lè balẹ̀, á kúnlẹ̀, á gbé e fún un. Àlejò á mu, á da èyí tó kù sílẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n á tó bi í pé kí ló bá wá. Ẹni tí wọn kò bá fún lómi kò ní la ẹnu sọ iṣẹ́ tó bá wá, nítorí wọ́n ti fi yé e pé kó máa lọ. Orúnkún mi yìí ni mo fi ń gbé omi fún àlejò bàbá mi láti kékeré. Mo ti wá gbé Ifẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ojú omi pupa sì ń tì mí débi pé mo ń fi omi pamọ́ fún ìyá mi.

Mo ní, "Ìyá, ṣé àlejò lẹ jẹ́ lọ́dọ̀ mi ni?"

"Àlejò ni mí. Ẹni tó ń gbé ilé ló ń bu omi fúnra rẹ̀ mu, kò sí ẹni tó ń gbé e fún un. Èmi ò gbé ibí. Ọmọ yìí náà ò tíì gbé ibí."

Mo fò dìde láti lọ bu omi.

"Jókòó," ó ní. "Omi tí mo bá fi ẹnu mi béèrè, òùngbẹ ló ń gbẹ mí nìyẹn. Kì í ṣe omi àlejò." "Wọ́n ní Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti lọ sí Kétu. Mo rò pé ilé ni mò ń bọ̀. Mi ò mọ̀ pé ìgò ni ìyá onílé fi ń pàdé èèyàn níbí. Ní Ọjọ́bọ̀, a ó máa lọ."

Mo gbọ́ "a" náà dáadáa. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òtítọ́ pé èmi ni mo ní kí ìyá onílé má bu omi. N kò sọ ọ́. Ojú tì mí, mo jẹ́ kí ẹ̀bi náà wà lọ́rùn obìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo gé àlùbọ́sà tí n kò nílò, mo fi ṣe àwáwí fún omijé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyá mi ti wọ aṣọ ìrìn-àjò. Àpò náà wà lẹ́nu ọ̀nà, okùn rẹ̀ le dan-in. A ń dúró de onítakisí tó máa gbé wọn lọ sí gáréèjì. Ọmọ náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá àmù. Ìgbà náà ni ìyá onílé ti Òkè-Ògbó dé. Àárọ̀ kùtù ló ti lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá níbẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nítorí kò rí ọkọ̀. Eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún.

Kò sí ẹni tó rán ọmọ náà níṣẹ́. Ó ṣí àmù, ó bu omi sínú kọ́ọ̀pù tánganran, ó mu díẹ̀ níbẹ̀, ó rìn lọ pàdé ìyá onílé, ó sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, Ìyá."

Ìyá onílé gba kọ́ọ̀pù, ó wo inú rẹ̀, ó wo ọmọ. "Ọmọ yìí, ṣé àmukù rẹ lò ń gbé fún mi?"

Gbogbo ẹni tó wà lágbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò dìde. Ìyá mi ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Ìyá onílé, ẹ má bínú sí i. Bí a ṣe ń fi omi pàdé ẹni tó bá dé nílé wa nìyẹn. Ó tọ́ ọ wò kí ọkàn yín lè balẹ̀ ni."

Ìyá onílé sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó mu omi náà tán pátápátá. Lẹ́yìn náà ló yí sí mi, ó sì pè mí jẹ́jẹ́, "Tíṣà."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Kí ó tó sọ nǹkan mìíràn, mo ti kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi. "Ìyá, èmi ni. Wọ́n fẹ́ bu omi fún yín, èmi ni mo ní kí wọ́n má bù ú. Omi wa pupa. Mo rò pé bó bá jẹ́ òun lẹ kọ́kọ́ rí, ẹ kò ní fi ọmọ sílẹ̀ fún mi."

Ìyá mi wò mí bí ẹni pé n kò gbọ́n rí láyé mi. "Kétu tí a ti ń rin ìrìn àárọ̀ dé ọ̀sán ká tó pọn omi, tí a ó tún fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí lo rò pé mo fi wò ọ́ dàgbà? Omi dídì?"

Ìyá onílé ló dá sí i. Ó ti gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹjọ́ tó yẹ kí òun dá. "Ẹ rí i, ìyá tíṣà, ẹ kò tíì dé. Láti ọjọ́ Àìkú, ẹ kò tíì dé rárá. Ẹ gbé àpò yín. Ẹ mú ọmọ lọ́wọ́. Ẹ jáde sí títì, kí ẹ wá dé."

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ìyá mi máa bínú. Ó wo ìyá onílé títí, lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti wọ Ifẹ̀. Ó gbé àpò lé orí, ó di ọmọ mú, wọ́n sì jáde. Onítakisí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síta ni, ó ti ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ láti gbẹ́rù sí i. Gbogbo wa gbọ́ ohùn ìyá mi: "Dúró ná, ọmọ mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni."

Wọ́n wọlé. "Ẹ kú ilé o."

Agboolé dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Ẹ káàbọ̀ o!"

Mo bu omi. Ó dà sí mi láṣọ. Mo tọ́ ọ wò, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún ìyá mi. Ó mu ún, kò fajú ro. Nígbà tó kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ó dà á sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo bu ti ọmọ náà fún un. Ìgbà yẹn ni mo tó béèrè, pẹ̀lú ohùn tí n kò mọ̀ pé tèmi ni.

"Ìyá, ṣé kò sí o? Kí lẹ bá wá?"

"Mo mú ọmọ rẹ wá fún ọ."

Ó tú okùn àpò náà. Gbogbo aṣọ ọmọ ló wà nínú rẹ̀, àti bàtà rẹ̀, àti ẹní tó fi ń sùn, àti wàláà tó fi ń kọ́ kéwú, àti ìwé ilé ìwé rẹ̀ tó kọ ní Faransé. Ti ìyá mi kò ju bútà àti ìró kan pẹ̀lú bùbá kan lọ. Ọjọ́ tó kúrò ní Kétu ló ti pinnu. Iṣẹ́ tó bá wá ni kò rẹ́ni gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ó lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ọmọ náà sunkún, ó sáré tẹ̀ lé takisí dé ìyànà, èmi ni mo gbé e padà, ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. N kò sọ pé ó rọrùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé pẹ̀lú aṣọ tuntun tó bá a mu. Ilé ìwé tiwọn máa ń parí ṣáájú tèmi, ìyá onílé ló ń bá mi wò ó títí màá fi dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́ọ̀pù tánganran. Ó tọ́ ọ wò, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, Tátà." Orí mi wú. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó tún ṣe é. Ní ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ ìyá mi wá sọ sí mi lọ́kàn, pé ẹni tó ń gbé ilé ló ń bu omi fúnra rẹ̀ mu, àlejò ni wọ́n ń gbé e fún. Àlejò ni mo jẹ́ lójú ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó má gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti kọ́ mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́sí pé ohun kan wà tí ẹnu kì í béèrè. Mo ń gba omi náà lójoojúmọ́, mo ń mu ún, mo ń dúpẹ́. Mo ń di irun rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, a sì ń jọ ka ìwé lórí tábìlì káfíńtà. Nígbà mìíràn tó bá ṣe àṣìṣe, mo máa ń bá a wí, ẹ̀rù á sì bà mí lẹ́yìn náà pé ó lè ní òun fẹ́ padà sí Kétu. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ lọ. Òjò rọ̀, omi kànga gòkè, ó sì mọ́ díẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò sí ẹni tó pàdé mi. Ọmọ mi wà lágbàlá láàárín àwọn ọmọbìnrin agboolé, wọ́n ń ṣe tẹ̀n-tẹ̀n, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fò sókè. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré, ó rí mi.

"Màámi, ebi ń pa mí o!" Ó sì yíjú padà sí eré rẹ̀.

Ìyá onílé yọ orí lójú fèrèsé. "Ìwọ ọmọ yìí! O ò ní fún ìyá rẹ lómi lónìí ni?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

Mo sọ báàgì mi kalẹ̀. Mo lọ sídìí àmù, mo bu omi fúnra mi, mo mu ún tán, mo sì lọ dáná.